Ìpẹtà

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tọ́jú ojú irin Láfẹ́nwá.
Mo mọ bí irin ṣe ń kú.
Kì í kígbe bí èèyàn.
Omi ló máa ń bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀
títí ara rẹ̀ á fi pọ́n,
títí á fi máa ṣí jábọ́ bí èèpo igi gbígbẹ.
Ọ̀gá wa, Bàbá Ṣóyẹmí, a máa fi òòlù kàn án, a dẹtí sílẹ̀.
Bó bá dún gan-an, ó yè.
Bó bá dún bí ẹni tó wúkọ́, a ní, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Mi ò mọ̀ pé irin lè wọ inú ọmọ mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta la ń lọ sí Ìdí-Àbà,
Ìbídùn níwájú, èmi lẹ́yìn pẹ̀lú fúláàsì tíì.
Ẹ̀jẹ̀ àjèjì á máa kán sí i lára, tó, tó,
ẹ̀jẹ̀ ọlọ́pàá, ẹ̀jẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́,
ẹ̀jẹ̀ ẹni tí mi ò ní rí láéláé kí n dọ̀bálẹ̀ fún.
Nígbà tó bá fi di ìrọ̀lẹ́, ètè rẹ̀ á pọ́n,
á máa bi mí pé kí la máa jẹ.
Mo rò pé ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí nìyẹn.

Àwọn ará àdúgbò ní fòníkúfọ̀ladìde ni.
Mo ní rárá, talasẹ́míà ni tiwa ń jẹ́.
Wọ́n ní ṣé ẹ̀jẹ̀ ni kò tó? Mo ní ẹ̀jẹ̀ ni kò tó.
Ni wọ́n bá ń gbé ẹ̀fọ́ wá, wọ́n ń gbé òògùn ẹ̀jẹ̀ wá,
ìgò dúdú tí wọ́n ya ẹṣin sí lára.
Èmi náà rà á. Ọdún méjì gbáko
ni mo fi ń fi ọwọ́ ara mi bu irin fún un ní ṣíbí,
láàárọ̀, lálẹ́,
tí mò ń ní, "Gbé e mì, ìyá mi, kò korò."

Dókítà Ẹfúnṣẹ̀yẹ kò bá mi wí.
Ó ya àwòrán ilé kan sẹ́yìn ìwé owó,
ó ya ilẹ̀kùn kan ṣoṣo sí i.
Àpò ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan, irin wà nínú rẹ̀, ó ní,
ara kò sì mọ ọ̀nà tó lè gbà lé e jáde.
Ó ń jókòó sínú ẹ̀dọ̀. Ó ń jókòó sínú ọkàn.
Sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀, tó kéré ju iyanrìn lọ,
irin á jó awọ rẹ̀ bí iná tí kò léèéfín,
á lu ú, á kọjá sí ìkejì.
Ìdí nìyẹn tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún
fi ga bí ọmọ ọdún mọ́kànlá,
tí awọ rẹ̀ fi ṣú bí òjò tó ń bọ̀ lókè odò Ògùn.

Mo rántí òòlù Bàbá Ṣóyẹmí.
Lóru, nígbà tó sùn, mo fi etí lé àyà ọmọ mi.
Ó ń dún. Mi ò mọ ohùn ẹran ara.
Irin nìkan ni mo mọ̀.

Ẹ̀rọ kékeré kan ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ báyìí,
abẹ́rẹ́ rẹ̀ lábẹ́ awọ ikùn,
wákàtí mẹ́wàá lóru, òru márùn-ún lọ́sẹ̀,
bí a bá rówó òògùn. Oṣù kan wà tí a kò rí. Mo ta kẹ̀kẹ́.
Ó kórìíra rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣé ọkọ̀ ojú irin ni mí?"
Mi ò rí èsì fún un.

Lówùúrọ̀ Jímọ̀ tó kọjá, ó pariwo láti balùwẹ̀.
Mo sáré, mo ti ro ibi.
Ìtọ̀ rẹ̀ inú póò ló pọ́n,
ó pọ́n bí omi tí ìyá rẹ̀ máa ń fún
láti ara aṣọ iṣẹ́ mi.
Mo mọ àwọ̀ yẹn.
Mo ní, "Ìpẹtà ni. Ó ń jáde."
Àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀, à ń wo inú póò bí ẹni tó rí owó he.
Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n dà á nù."
Mo ní kó ṣe sùúrù díẹ̀ sí i.